Ẹsẹ̀ Ìyá Mulíkà àti Ẹnu Mi ní Kàdúná

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má lọ, mo ti dé. Ara mi pé, àpò mi pé, kò sí ohun tó já bọ́ lára mi lọ́nà àfi ìgbéraga díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ibi tó já sí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò ní Kàdúná. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Òṣogbo, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Ẹ̀rù ò bà ọ́?" Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ rò ló bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ òsì ìyá àgbàlagbà kan ni.

Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi lọ. Mo ti kọ ìròyìn ilé ìwòsàn púpọ̀ láyé mi: àwọn ọlọ́lá gé rìbọ́nnì, wọ́n ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a lọ sílé. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń kó àwọn nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù jọ ní Kàdúná, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò, pé kí wọ́n di ọ̀gá nínú ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé tirẹ̀, ó yà mí lẹ́nu. Kí ló kù tí ènìyàn fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún gún abẹ́rẹ́? Mo ní mo fẹ́ lọ wò ó.

Ọkọ̀ náà mọ̀nà

Láti Àbújá, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa. N kò lè jókòó. Láti kékeré ló ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, ìdí mi kì í gbóná lórí àga. Mo ń rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, mo ń yọjú wo pápá, mo ń padà. Bàbá kan tó wọ kaftáànì funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní ìgò omi kan ṣoṣo. Kó tó mu, èmi ló kọ́kọ́ nà á sí. Nígbà tí mo dìde lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo ní ẹni tó ń ṣàìsàn ní Kàdúná.

Mo ní rárá.

"Jókòó nígbà náà," ó ní. "Ọkọ̀ náà mọ̀nà."

A máa ń sọ nílé pé àwa Yorùbá la mọ̀ ọ́n kí. Ẹ lọ sí Kàdúná. Onílé tí mo wọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mando kí mi kú ọ̀nà, ó kí mi kú oòrùn, ó béèrè ilé, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá béèrè ààrẹ̀ mi. Wọ́n máa ń béèrè ààrẹ̀ níbẹ̀, "Yaya gajiya?", bí ẹni pé ààrẹ̀ náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí tí ẹ jọ rìnrìn àjò. Mo ti dáhùn kan mo ti fẹ́ wọlé, ó tún mú òmíràn. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú, ọ̀kan wà níta, ọwọ́ mi ṣì wà nínú tirẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé bí kíkí bá gùn tó báyìí, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé kókó fún mi, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tiwọn, èyí tí ata àti atalẹ̀ ń jà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kósé, ìyẹn àkàrà tiwọn, tó kéré tó sì rọ̀ ju tiwa lọ. Lálẹ́, túwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ kúkà, ewé oṣè tí wọ́n lọ̀ kúnná tó sì ń fà yọ̀. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ìyàwó onílé rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá wo Bàyáràbé tó ń jẹun bí ẹṣin. Bàyáràbé ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni ọkọ rẹ̀ náà, Yorùbá sì ni àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n fi Haúsá dá mi lóhùn.

Ilẹ̀kùn tí kò ní ògiri

Gbọ̀ngàn kan lábẹ́ àwọn igi dógóyárò ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. N kò rí bẹ́ẹ̀dì kankan, n kò rí àwòrán egungun. Férémù ilẹ̀kùn kan ni mo rí, ó dá dúró láàárín ilẹ̀ láìsí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀yìn férémù yìí, obìnrin kan jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ jáde bí aláìsàn. Hàjíà Rakiya nìyẹn, olùkọ́ wọn. Mẹ́tíróònù tó ti fẹ̀yìn tì ni. Haúsá ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìlọrin, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi bú ènìyàn.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń lé wọn padà. Ìgbà tó kan Sista Dúpẹ́, mo fa ìwé mi yọ. Ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Kogí ni Dúpẹ́, láti ẹ̀bá Kàbbà, àwọn tó ń kí ara wọn ní "Ọ̀kún o!" Onígbàgbọ́ ni, ó ń gbé ní àdúgbò Nasarawa ní Kàdúná pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún gún abẹ́rẹ́ tí mo sọ, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ló ti wá, ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná.

Ó kọjá férémù, ó kí i.

"Padà," ni Hàjíà wí.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"O wo ẹsẹ̀ mi kí o tó wo ojú mi."

Dúpẹ́ jáde, ó tún wọlé.

"Padà. Ta ló ní kí o gbé àpò lé orí ẹní mi? Ibẹ̀ ni mo ti ń kírun."

Ó tún wọlé.

"Padà. O wo aago."

"N kò wo aago, mà!"

"Ojú rẹ lọ síbẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láàárín wọn tó ń rẹ́rìn-ín jù ló kàn. Ó rìn wọlé gbọnrangandan láìké sálámà. Hàjíà fi ìborí bojú, ó figbe ta: "Ọkùnrin ti wọlé bá mi o! Ẹ bá mi pe ọkọ mi!" Ọmọkùnrin náà sá jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó férémù.

Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀, Hàjíà dìde. Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn ni àlejò yín. Ẹ̀yin lẹ ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ilé, ẹ̀yin ni àlejò. Bí onílé bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ ó gbé àpò yín, egbò á sì máa jẹ lọ."

Ó wá yíjú sí mi. "Oníròyìn, ṣé o fẹ́ tẹ̀lé Dúpẹ́ lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀? Wọ́n ti gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá wọlé ni ìwọ á wọlé. Ohun tí o bá sì rí nínú ilé, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí onílé tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Kabala Costain

Ilé alágbàlá pọ̀ ní Kabala Costain, ayálégbé mẹ́wàá nínú ọ̀kan, ṣọ́ọ̀bù níwájú, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè kọjá lójú pópó. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Mulíkà ń gbé pẹ̀lú Mulíkà ọmọ rẹ̀. Télọ̀ ni Mulíkà, ó ń fi Haúsá dá gbogbo Yorùbá ìyá rẹ̀ lóhùn, ìyá náà ò sì bínú. Ọ̀fà ni bàbá Ìyá Mulíkà ti wá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí òun sí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣì ń ṣiṣẹ́ nílùú náà, inú ọ̀kan lára wọn ló ti dàgbà, ní ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

"Jókòó," ló kọ́kọ́ sọ fún mi.

"Ìdúró dáa fún mi, Ìyá."

"Èmi ni mo ní ìdúró. Odidi ọjọ́ ni mo fi ń dúró ti ẹ̀rọ. Ìwọ, jókòó."

Mo fìdí lé etí àpótí kan. Wọ́n gbé sóbò tútù fún mi. Kí n tó mu ún tán, mo ti tún dìde.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá Ìyá Mulíkà fínra. Egbò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré, lẹ́bàá ọmọ-ìka tó kéré jù, tó ti dúdú bí èédú. Etí rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó rin omi. Dókítà ti sọ fún wọn pé bí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn yóò gé ẹsẹ̀ náà kí ó má ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni Hàjíà fi ṣe ìdánwò Dúpẹ́. Òun nìkan ni yóò máa tọ́jú egbò náà, kò sí ẹni tó máa sọ fún un bó ṣe máa ṣe é.

Dúpẹ́ wẹ egbò náà, ó fi oògùn sí i, ó di báńdéèjì tuntun. Kò sí àṣìṣe kan nínú ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Mulíkà fi ìka pa báńdéèjì náà, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Ta ló hun èyí? Òwú rẹ̀ jìnnà síra bí ilé inú oko. Láyé tiwa, ọ̀gá á jù ú padà sí ọ lójú."

Lẹ́yìn náà ó yọwọ́ lára rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Sista, bí wọ́n bá gé e, kí ni mo fẹ́ fi dúró kírun?"

Dúpẹ́ ní wọn kò ní gé e.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá padà, egbò náà ń ṣe omi sí i. Dúpẹ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá náà wò, ó dáa. Ó béèrè: "Ṣé ẹ ń lo oògùn?" "Mò ń lò ó." "Ṣé ẹ ò rìn púpọ̀?" "N kò rìn." "Ṣé ẹ ò tú u?" "Wò ó, ṣé bí o ṣe dì í kọ́ ló wà?" Bó ṣe dì í náà ló wà lóòótọ́, títí dé kókó tó ta sí etí rẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́, Dúpẹ́ sọ fún mi pé òun kì í sùn mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ní wọ́ọ̀dù, egbò tó rí báyìí á ti gbẹ lọ́wọ́ mi. Kí ló wà nínú ilé yẹn?"

Hàjíà gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó mi orí. "Ìbéèrè ọlọ́pàá lo ń bi í. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Jókòó, kí o bi í bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ ọn."

"Ilé mẹ́rin ni mo ní láti dé lójúmọ́, mà."

"Ilé kan lo ń dé lẹ́ẹ̀kan."

Mo tètè dé

Ọjọ́ kẹfà, n kò lè fara dà á ní Mando. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ, mo ti ka ewé dógóyárò. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo dé Kabala Costain ṣáájú Dúpẹ́. Mo ké sálámà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àkókò ìrun Alásàrì ti ń súnmọ́, Mùsùlùmí sì ni èmi náà. Mo ní kí n yí sẹ́yìn ilé lọ wá omi àlùwàlá.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Mulíkà. Ó jókòó lórí àpótí kékeré, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, kò rí mi. Báńdéèjì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí tépù télọ̀. Bútà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́tù oníke tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì ń da omi sí ẹsẹ̀ òsì náà, ó ń fi ìka la àárín àwọn ọmọ-ìka rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe yẹ kí ènìyàn ṣe é. Ó nu ún. Ó fa báńdéèjì náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì dì í. Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ tó ti bá òwú gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún! Bí Dúpẹ́ ṣe dì í gan-an ló ṣe dì í, títí dé kókó etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ nìyẹn, egbò tí kò gbọdọ̀ rí omi.

Mo yọ́ rìn jáde. Inú mi dùn, mo jẹ́wọ́. Inú oníròyìn máa ń dùn nígbà tó bá rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń lọ, mò ń bọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ Dúpẹ́ ṣe dúró, kó tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Dúpẹ́ wọlé bí ẹni tí iná ń lé. Kò kí wọn tán.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kan ẹsẹ̀ yìí mọ́. Àlùwàlá yìí ló ń bà á jẹ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ Mulíkà dúró.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń fi omi kàn án?"

Ojú Dúpẹ́ ṣẹ́ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó tó.

"Ó dáa," ni Ìyá Mulíkà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ìwọ ará ṣọ́ọ̀ṣì, o ní kí n fi àlùwàlá sílẹ̀. Ìwọ Mùsùlùmí, o wá ṣọ́ mi níbi tí mo ti ń wẹ ẹsẹ̀. Ẹ kúukú ṣeun."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìlú náà ti ja ìjà ẹ̀sìn rí, àwọn ènìyàn sì ti kó kúrò ní ìhà kan odò Kàdúná lọ sí ìhà kejì nítorí rẹ̀. Gbólóhùn tí a lè fi ṣàwàdà ní Òṣogbo, níbi tí ẹ̀sìn méjì ti ń jẹun nínú abọ́ kan, ó wúwo níbẹ̀.

Mulíkà dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi. Ó ní: "Ẹ máa lọ. Ẹ má padà wá."

Ohun tí mo gbé jáde

Hàjíà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa títí dé òpin. Dúpẹ́ ń sunkún. Èmi ń rìn kiri gbọ̀ngàn.

"Dúró lójú kan," ó sọ fún mi. "Kí ni mo ní kí o má ṣe?"

"Mo fẹ́ ran ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́, mà. Ọjọ́ ń lọ."

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Mùsùlùmí ni èmi náà, mo gbọ́ bí etí egbò yẹn ṣe funfun, mo fura. Mo ti pinnu pé tí Dúpẹ́ ò bá béèrè títí ọjọ́ Jímọ̀, èmi á béèrè. N kò ní fi ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá rán Dúpẹ́ lọ sí abúlé, èmi ò ní sí lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ náà ò ní sí níbẹ̀ tí wàá máa yọjú lẹ́yìn ilé. Ohun tí ìyá náà ì bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ìmọ̀ràn ni à bá fi dá a lóhùn. Ìwọ gbé e jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹ̀sùn."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi báyẹn rí.

"Kí ni kí a ṣe, mà?" ni Dúpẹ́ béèrè.

"Ẹ padà. Fi àpò rẹ sílẹ̀ níbí. Kí ìwọ oníròyìn sì fi ìwé rẹ sílẹ̀."

Orí ẹní

Ọjọ́ kejì ni a lọ. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ké sálámà, a dúró. Oòrùn ń ta wá. A tún ké e. Mulíkà yọjú, ó wo ọwọ́ wa pé òfìfo ni, ó wọlé padà. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: "Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn àgbàlá, níṣojú gbogbo ayálégbé. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí.

"Ṣé o rí mi lẹ́yìn ilé?" ó béèrè.

"Mo rí yín, Ìyá. Mo tètè dé. Kò yẹ kí n yí síbẹ̀, kò sì yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ foríjì mí."

Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. "Dìde. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí o dọ̀bálẹ̀ sí." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì. "Jókòó."

Mo jókòó, ìdí mi kanlẹ̀.

Dúpẹ́ bọ́ bàtà, ó jókòó sí etí ẹní. Atẹ ẹ̀wà kan wà níwájú Ìyá Mulíkà, ó ń ṣa á. Dúpẹ́ fa díẹ̀ sọ́dọ̀, òun náà ń ṣa á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú kí n má bàa dìde. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà dé ìdajì atẹ kí Dúpẹ́ tó lanu, kò sì gbójú sókè.

"Ìyá, báwo ni ojúmọ́ ṣe máa ń mọ́ yín?"

Ìyá náà wò ó. Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun máa ń jí ṣáájú ìpè àkọ́kọ́, nítorí ara òun ṣì rò pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ wá gbé òun. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ wò nínú òkùnkùn, bóyá ó ṣì wà. Òun á wá tú báńdéèjì. "Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń sá a. N kò lè rí aṣọ kó dọ̀tí lára mi. Mo á fọ ẹsẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ egbò, Sista, n kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí wọ́n bá máa gé e, kó kúkú mọ́ títí ọjọ́ yẹn. Ìrun tí mo bá kí láìfọ ẹsẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á?"

Mo mọ ìdáhùn. Wọ́n kọ́ mi ní ilé kéú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ń jó mi láhọ́n. Mo gbé e mì.

Dúpẹ́ ní: "Èmi ò mọ òfin ìrun, Ìyá. Mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ta ló mọ̀ ọ́n tí a lè bi?"

Ìyá Mulíkà ronú. "Álfà wa ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Mulíkà ló lọ pè é. Àgbàlagbà tínrín kan ni Álfà, ó wá pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ìyá! Ẹ bi mí nípa orúkọ ọmọ, ẹ bi mí nípa ogún, ẹ tilẹ̀ bi mí bóyá ènìyàn lè fọ eyín nínú ààwẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń dúró níwájú Ọlọ́run nìkan ni ẹ ò bi mí!"

Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó fi ìborùn rẹ̀ di ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ṣe é kí gbogbo wa rí i: ó fọ ẹsẹ̀ kejì, ó rẹ ọwọ́ sómi, ó gbọn ọwọ́ náà nù, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tútù pa ojú ìborùn lẹ́ẹ̀kan. "Ó parí. Ẹni tí a di egbò rẹ̀, òfin tirẹ̀ nìyí. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é lónìí."

"Bí ó bá jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì ló di báńdéèjì náà ńkọ́?" Ìyá Mulíkà béèrè, ó ń fi ìdí ojú wo Dúpẹ́.

"Ìyá, ṣé báńdéèjì ń kírun ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ ní òun lè fi ọ̀rá bo orí báńdéèjì náà ní àkókò ìrun, kí omi ọwọ́ má bàa rin wọ inú. Álfà ní kò burú. Ìyá Mulíkà ní kí wọ́n wá báńdéèjì tí òwú rẹ̀ súnmọ́ra ju èyí lọ, bí wọ́n bá fẹ́ kí òun gbà. Ọjọ́ yẹn, a jẹ ẹ̀wà náà pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú epo àti ata gígún. N kò dìde títí abọ́ fi gbẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, Hàjíà fúnra rẹ̀ wá. Ó ké sálámà lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ó wo ojú Ìyá Mulíkà, wọ́n kí ara wọn pẹ́, wọ́n béèrè ààrẹ̀ ara wọn, n kò sì wo aago. Lẹ́yìn náà ló tú báńdéèjì.

Ó gbẹ. Etí egbò náà ti kúrò ní funfun, ó ti ń pọ́n. Ọmọ-ìka kékeré yẹn ti kú, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, dókítà sì yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ó wo ìyókù, ó ní kí Ìyá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Mo bi Hàjíà bóyá Dúpẹ́ yege. "Bi Ìyá," ni ó wí.

Mo bi Ìyá. "Ó mọ ẹ̀wà á ṣa," ló sọ. Mo rí i tí Hàjíà kọ ọ́ sínú ìwé.

Òṣogbo

Mo ti wà nílé fún oṣù kan. Ní Jímọ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Dúpẹ́ ni. "Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Oníròyìn," ni ohùn Ìyá Mulíkà wí. "Mo rìn lọ kí Jímọ̀ lónìí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn."

Mo pariwo ayọ̀. Mo ti ń lọ, mo ti ń bọ̀ nínú yàrá. Mo sọ fún un pé mo ń kọ ọ́ fún àwọn ará ilé, pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

"O ti kọ ọ́? Ta lo bi?"

Mo ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Mulíkà, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń fọn fèrè kọjá ní Kabala Costain.

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ," ó ní. "Jókòó ná."

Mo fa àga. Mo jókòó.

"Ṣé o ti jókòó? Ó dáa, máa kọ ọ́. Bí ojúmọ́ ṣe mọ́ mi lónìí nìyí."